Òṣùwọ̀n Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ẹ kú ewu àná, ẹ kú ìrètí ọ̀la. Ẹni tó bá jí lónìí, tó mí sínú tó sì mí síta láì ṣe pé ẹnì kan ń bá a tì í, kó kọ́kọ́ bá mi sọ pé, "Olúwa, o ṣeun." Èémí kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà. Ọkàn tó ń lù láyà wa kì í sinmi, kì í gba ìsinmi ọdún, kì í bínú pé a ò kí òun kú iṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá a.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ìtàn ọkàn kan tó rẹ̀ ni, àti ti àwọn ọwọ́ tó jà lé e lórí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

*

Bàbá Déédé ni àwọn aládùúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Òṣùwọ̀n ló ń tún ṣe: òṣùwọ̀n alápatà, òṣùwọ̀n oníṣúgà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìkókó. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn òṣùwọ̀n a jókòó lórí pákó bí àgbà tó ń ṣèpàdé, àwọn irin tó fi ń dán wọn wò a sì tò sí ìsàlẹ̀ wọn, láti orí èyí tó kéré bí èékánná dé orí èyí tó jẹ́ ogún kílò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú tán, tó wá ku òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé ayé, òun náà kọ́ àbúrò rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni Àbúrò fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń yí síkírù, bí ẹni ń fi ẹ̀yìn rìn ló máa ń rí, irin a sì ha ẹ̀gbẹ́ orí síkírù náà níbi tí ọwọ́ ẹlòmíì kì í ha á.

"Wo ọwọ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ, "bí wọ́n bá jí ẹ gbé, ojú síkírù la máa tọ̀ dé ibi tó o wà."

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ Bàbá Déédé wú títí bàtà kò gbà á mọ́. Tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí a fò lọ. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé irin ogún kílò wá di ẹni tó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ilé ìwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Àbúrò sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bọ́ bàtà aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí Àbúrò dì í mú. Bó ṣe jókòó síta nìyẹn, tó gbé bàtà lé itan, nígbà tí dókítà ń sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ilé gbọ́.

Ohun tí dókítà sọ nìyí: "Ọkàn yín ò tíì kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò lágbára láti fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ìyẹn ni omi fi ń dúró sí yín lẹ́sẹ̀ àti láyà. Oògùn mẹ́ta rèé. Èyí á máa fa omi jáde, ẹ máa tọ̀ gan-an. Èyí á ní kí ọkàn rọra máa lọ, bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè. Èyí á la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú ikọ́ wá. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa dà bíi pé wọ́n ń bá yín jà. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ gun òṣùwọ̀n. Bí kílò méjì bá lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń padà bọ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró mu omi, ẹ máa sáré bọ̀."

Ìyàwó gbọ́ ọ. Bàbá Déédé gbọ́ ọ. Bàtà nìkan ló wà lọ́wọ́ Àbúrò.

*

Láràárọ̀, ìyàwó a gbé òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan sí àárín pálọ̀, a mú ìwé àkọsílẹ̀ tó fi okùn so pẹ́ńsù mọ́, ọkọ rẹ̀ a sì gùn ún.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin," ni ìyàwó kà lọ́jọ́ kan.

"Ẹ ò rí ayé?" ni Bàbá Déédé wí. "Èmi tí mo ti ń tún òṣùwọ̀n ṣe fún alápatà láti kékeré, èmi náà ni mo wá di ẹran."

"Ẹran olówó iyebíye ni yín. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá lo oògùn."

Tọkọtaya náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń rí láti ọ̀sẹ̀ méjì kò yé e: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé hóró mẹ́ta mì láti ọwọ́ ìyàwó, kó tọ̀ títí, kó wú ikọ́ gbígbẹ, kí òòyì kọ́ ọ tó bá dìde. Ó kà á lọ́jọ́ kan. Ìgbà mọ́kànlá ló lọ tọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ńlá tó wà ní igun yàrá dún kíún, bí ẹni tó tún ọ̀fun ṣe. Àbúrò gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó dúró lé e, kò sí eku, kò sí atẹ́gùn. Abẹ́rẹ́ náà gùn díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí mẹ́rìnléláàádọ́rin, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó padà sí òdo.

Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ní ìparí òpópónà kejì, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígò. Ìgò òfìfo ló ń tà níta gbangba. Ohun tó wà nínú àwọn ìgò tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í sọ ọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó kórìíra tó oògùn òyìnbó. "Májèlé oníhóró" ló ń pè é.

Ọ̀sán gangan ni Àbúrò lọ. Àwọn ìgò tò láti ilẹ̀ dé àjà, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ilẹ̀, àti funfun. Oòrùn gba inú wọn kọjá, ó sì ya àwọ̀ sára ògiri bí ojú ọgbẹ́. Ìyá Onígò jókòó ṣánṣán lórí àga, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ títóbi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kò gùn. Bó bá sọ díẹ̀, a dákẹ́, a mí, kó tó sọ ìyókù. Àbúrò rò pé bí àwọn awo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n?" ni Ìyá Onígò bèèrè nígbà tí Àbúrò ròyìn tán.

"Ìyàwó rẹ̀ ni, mà."

"Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀, kó tó jẹun. Ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà mí. Ìgò kan dún nínú òkùnkùn. "Ohun tí wọn ò fẹ́ tà," ó ní, "wọn kì í wọ̀n ọ́n."

Àbúrò sún mọ́ ọn.

"Àwọn hóró náà... ṣé funfun ni wọ́n? Kékeré? Ṣé ìlà kan wà láàárín èyí tó ń mú un tọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ojú mi ti rí i rí." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó da àwọn hóró funfun kan jáde láti inú ìgò. Bí ìbejì ni wọ́n jọ ti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí ẹfun ni wọ́n rí lọ́wọ́. "Fi ìwọ̀nyí sí ipò wọn. Kó tiwọn wá fún mi. Má jù wọ́n nù o. Má jó wọn. Ibi tí wọ́n bá bọ́ sí, ikú á gbabẹ̀ wọlé. Èmi nìkan... ni mo mọ ibi tí mo lè sin wọ́n sí."

*

Ọjọ́ kejì ló ṣe é, nígbà tí ìyàwó ń wẹ̀. Inú ìgò kéékèèké tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ni oògùn wà. Àbúrò da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó rọ́ ẹfun funfun sí wọn, ó sì kó ti ilé ìwòsàn lọ fún Ìyá Onígò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìfẹ́ ló mú un ṣinṣin. Ẹ rántí ìyẹn, ẹ̀yin ará mi.

Iṣẹ́ náà sì dà bí èyí tó dára! Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ dẹwọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, òòyì kò kọ́ ọ mọ́. Bàbá Déédé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó tún òṣùwọ̀n kékeré kan ṣe, ó sì ń súfèé orin ìyìn tí bàbá wọn fẹ́ràn. Àbúrò wọ inú ilé ìdáná lọ, ó sunkún ayọ̀ sínú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyàwó kà á: "Márùndínlọ́gọ́rin." Ní ọjọ́ keje: "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin." Pẹ́ńsù dúró lókè.

"Ó ti fi kílò méjì lé," ni ìyàwó wí. "Bó bá rí báyìí lọ́la, ilé ìwòsàn la máa lọ."

Àbúrò tún sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onígò. Ní ọjọ́ yìí, ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn obìnrin náà. Ó sọ gbólóhùn gígùn kan lódindi, kò sinmi láàárín rẹ̀.

"Òṣùwọ̀n yẹn ni ẹnu tí wọ́n fi ń pè é lọ sọ́run. Pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ òṣùwọ̀n ni ẹ́, ṣé èmi ni mo máa kọ́ ẹ?" Ó fún un ní ìdì kékeré kan tí wọ́n fi òwú dúdú wé. "Kí èyí wà lábẹ́ rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àbúrò ti yí òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ náà dojú bolẹ̀. Síkírù kan wà nídìí rẹ̀ tó ń gbé òdo lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ó yí i sẹ́yìn. Irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo dá abẹ́rẹ́ dúró kó má bàa lọ kọjá ibi tó yẹ, nítorí náà bí èèyàn bá wò ó lásán, òdo ló máa rí. Ohùn bàbá wọn tó ti kú wá sí i létí: "Ẹni tó bá yí òṣùwọ̀n, Ọlọ́run ń wò ó." Ó dá a lóhùn nínú ọkàn pé, "Baba, ọmọ yín ni mo fẹ́ gbà là."

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin!" ni ìyàwó kígbe ní àárọ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú hóró ẹfun mẹ́ta lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbàdúrà sí i pé kí Olúwa fi agbára sínú rẹ̀, ó sì fún ọkọ rẹ̀ gbé mì.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ìwọ̀n bá ti fẹ́ lé, Àbúrò a tún síkírù náà yí.

*

Ẹsẹ̀ tún wú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ike.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín," ni ìyàwó ń wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí ni òṣùwọ̀n wí?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin."

"Ó parí. Ojú máa ń parọ́, ìyàwó mi. Mo ti rí ẹran tí ojú pè ní kílò márùn-ún tó jẹ́ mẹ́ta. Òṣùwọ̀n ilé bàbá mi kò parọ́ rí."

Ẹ ò rí nǹkan? Ní ilé ẹlòmíì, wọn ì bá ti gba ojú gbọ́, wọn ì bá sì ti sáré. Ní ilé tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n jẹun láti ìran dé ìran, òṣùwọ̀n ni ẹlẹ́rìí òtítọ́.

Ọjọ́ tí ìyàwó rí ìdì òwú dúdú lábẹ́ rẹ̀ ni ilé dàrú. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, ó ti bá Àbúrò níbẹ̀ bí ọmọdé, síbẹ̀ "ọkọ mi" ló ń pè é, "ẹ̀yin" ló sì ń fi bá a sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Lọ́jọ́ yìí, ó ju ìdì náà sí i lẹ́sẹ̀.

"Kí nìyí? Ìwọ! Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ta lẹ ń pè ní ìwọ, ìyàwó wa?"

"Ẹni tó ń fi òwú di ẹ̀mí ọkọ mi! Ṣé o ti fi oògùn sí ìrẹsì tí mo sè lánàá náà ni?"

"Ẹni tó ń wọn èèyàn láràárọ̀ bí ẹran, ẹ ò rí tiyín sọ! Ta ni oníbàárà yín? Ẹ pè é kó wá gbẹ́rù ẹ̀!"

"Ẹ̀yin obìnrin méjì yìí," ni Bàbá Déédé wí láti orí àga, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "bí ẹ bá fẹ́ pín mi, ẹ jẹ́ kí n tún òṣùwọ̀n ṣe kí ẹ má bàa rẹ́ ara yín jẹ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èémí kò tó.

Ìyàwó sun ìdì náà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fi òróró àdúrà sí àtẹ́rígbà gbogbo yàrá. Ó kó ìgò oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó so wọ́n mọ́ ìdí aṣọ ara rẹ̀, kí ọwọ́ ìkà má bàa tó wọn. Bó ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣọ́ ẹfun nìyẹn.

*

Àwọn tó ní irú àìsàn yìí mọ̀ pé òru ló máa ń le jù, nígbà tí omi bá gùn wọ àyà. Lóru ọjọ́ kan, Àbúrò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú fèrèsé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ara, ó ń fa atẹ́gùn bí ẹni ń fa okùn kànga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dùbúlẹ̀."

"Bí mo bá dùbúlẹ̀, màá rì." Ó mí. "Kò sí odò, kò sí òjò... mò ń rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àbúrò mi."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó wú nu ojú àbúrò rẹ̀, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àbúrò tún lọ sí yàrá ìgò. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Ó wòkè, ó wolẹ̀. Ìyá Onígò sùn gbalaja lórí ẹní, ó ń hanrun. Aṣọ ti ká kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì tín-ín-rín, gbígbẹ, awọ rẹ̀ hun bí awọ ohun tó ti wú rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn.

Àbúrò rò ó. Bí ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣe ń wú, ni ẹsẹ̀ ibí ń fọn. Bí èémí ọ̀hún ṣe ń kúrú, ni ti ibí ń gùn. Gbogbo ìgò tó wà nínú yàrá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan tó rẹlẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹ́ èémí sí wọn lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá Déédé gun òṣùwọ̀n. Ó di èjìká ìyàwó mú.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin," ni ìyàwó wí. Omi dé ojú rẹ̀. "Kì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́."

Ọkùnrin náà wo nọ́ńbà náà pẹ́. "Lọ wá ọkọ̀," ó ní.

Nígbà tí ìyàwó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yí òṣùwọ̀n dé. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú síkírù. Irin ti ha á ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọwọ́ kan ṣoṣo láyé ń ha síkírù. Ó gbójú sókè wo Àbúrò tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ì bá sàn kó wà.

Ó mú irin iṣẹ́, ó yí síkírù náà padà sí ibi tó tọ́, ó gun òṣùwọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Kílò mẹ́sàn-án," ó ní. "Omi. Àbúrò mi, kí lo ṣe?"

Àbúrò wó lulẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: hóró, ìgò, ẹfun, òwú.

"Oògùn mi... ó wà níbẹ̀?"

"Ó ní òun ti sin ín."

"Sáré."

Ó sáré. Kò wọ bàtà. Ó bá Ìyá Onígò lójú fèrèsé, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kékeré kan tó funfun lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì lójú Àbúrò, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Ìlà wà láàárín àwọn tó kù nínú ìgò.

"Ibo lẹ sin wọ́n sí?" Ohùn Àbúrò kò jọ tirẹ̀.

Obìnrin náà fi ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀.

"Dókítà yẹn náà ló kọ ọ́ fún mi, ó ti lé lọ́dún. Ó tán. Ṣé kí n lọ tò sórí ìlà lọ́dọ̀ wọn ni, kí gbogbo àwọn tí mo sọ fún pé májèlé ni wá rí mi níbẹ̀?" Ó jókòó, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mo fẹ́ mí ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ mí. Ẹni tí kò bá tíì rì rí kò mọ̀."

Àbúrò já ìgò gbà. Hóró méje péré ló kù níbẹ̀. Ó sáré gba ọjà kọjá, ó gba iwájú ilé ìjọsìn kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọrin, ó dé ilé ìwòsàn.

Ìyàwó jókòó síta, lórí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí. Bàtà ọkọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Kò sí ohun tó kù láti bi í.

*

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn èrò ìtùnú kún pálọ̀. Ìyàwó mú ìwé àkọsílẹ̀ jáde. Ìwé náà kún fún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ìlà lórí ìlà. Lábẹ́ wọn, ọwọ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ ń tàsé bí ẹni tó mutí. Ìyàwó kà á síta:

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Òṣùwọ̀n yìí ti ń parọ́ ọjọ́ ti pẹ́. Èmi tí mo ni iṣẹ́ ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi mi ni. Ìyàwó mi, tọ́jú àbúrò mi."

Àwọn èèyàn mi orí. "Ó ṣe o. Oníṣẹ́ kì í rí tara ẹ̀." Wọ́n di Àbúrò mú, wọ́n ń nù ún lójú. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Ọkùnrin tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí òtítọ́ ti fi èémí ìkẹyìn rẹ̀ pa irọ́ kan ṣoṣo, kó lè fi bo àbúrò rẹ̀ bí aṣọ.

Nígbà tí èrò lọ tán, Àbúrò gbé ìgò kan sórí tábìlì. Hóró méje dún nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ìyàwó kò kígbe. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un," ó ní. "Mo gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà sí ẹfun."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, òṣùwọ̀n ńlá dún kíún lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lọ wò ó.

Ìyàwó gbé ìgò náà sókè, ó wo àwọn hóró inú rẹ̀. "Obìnrin yẹn. Kò ní oògùn mọ́ báyìí?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé òun náà ti ń kún." Ó pa ojú dé. "Bàbá Déédé kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kó rì. Dìde. Lọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀sán ni kó o mú un lọ. Bó o bá dé, má bá mi sọ̀rọ̀. Má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Báyìí ni gbogbo òpópónà ṣe rí Ìyá Onígò ní ọ̀sán gangan, ó fara ti Àbúrò, ó ń wú ikọ́, wọ́n jọ ń lọ.

"Wọ́n ń wò mí," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí wọ́n máa wò."

Wọ́n tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì tọ́ka sí igun yàrá. "Ẹ gun òṣùwọ̀n, mà."

Àbúrò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo òdo, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan síkírù fẹ́ẹ́, ó rí i pé ó tọ́. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ obìnrin tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ràn án lọ́wọ́ gùn ún. Omijé kò jẹ́ kó tètè ríran. Ó nù ún, ó dúró kí abẹ́rẹ́ sinmi, ó sì ka nọ́ńbà náà síta ketekete, bó ṣe rí gan-an, láì fi kún un, láì yọ kúrò.

*

Ẹ bi mí bóyá ìyàwó dárí jì í. Mi ò lè purọ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ṣì jọ ń gbé ilé kan náà, àti pé ní ọdún kejì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó gbé oúnjẹ sí iwájú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹun."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí Ẹlẹ́dàá tó so ọkàn mọ́ ọ láyà má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Kí ọwọ́ tó fẹ́ràn rẹ má ṣe ọ́ ní ibi láìmọ̀. Kí a má jókòó síta pẹ̀lú bàtà nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìyè nínú ilé. Bí a bá sì gbé ọ lé òṣùwọ̀n Ẹni tí kì í ṣi ìwọ̀n lọ́jọ́ ìkẹyìn, kí àánú rẹ̀ bá ọ gùn ún. Àmín.